Bí ẹ ṣe máa ka èdìdì òjé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Byzantium látorí fótò lásán

Ẹ mú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ lọ sí sáìtì Dumbarton Oaks, ilé ìwádìí àti mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Washington, ẹ ó bá èdìdì òjé Byzantium, ìjọba Róòmù apá ìlà oòrùn tó ń sọ Gíríìkì, tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Constantinople, níbẹ̀ lọ súà. Òjé róbótó pẹlẹbẹ ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ, àwọ̀ eérú, wọ́n kọ nǹkan sí i lójú méjèèjì, òmíràn sì dà bíi pé tírélà ti gorí ẹ̀ kọjá. Ilé yẹn nìkan ní nǹkan bí 17,000, kò síbòmíì láyé tí wọ́n ti ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó á sọ pé èyí ò ṣeé kà, á pa á dé, á lọ. Èmi náà pa á dé nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn tó jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbájú mọ́, torí àwọn ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọba á to oyè mẹ́ta mẹ́rin léra wọn lórí òjé kékeré yẹn títí tí orí á fi fọ́ yín, àmọ́ ti bíṣọ́ọ̀bù kì í sábà ju nǹkan mẹ́rin lọ: àdúrà, orúkọ, oyè, ìlú. Ìlú yẹn gan-an, ẹni tó bá ti ka Bíbélì rí ti mọ púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, Éfésù, Kọ́ríńtì, Tẹsalóníkà, Símínà, Sádísì, gbogbo wọn ló ní bíṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló sì ń fi òjé di lẹ́tà. Ẹ ò nílò láti gbọ́ Gíríìkì. Álífábẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìkan ni mo kọ́, ọjọ́ méjì ló gbà mí, ìyókù ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ má fo ibí yìí o, torí ọgbọ́n kíkà ẹ̀ látibẹ̀ ló ti wá. Wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, á jáde róbótó, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì gba àárín ẹ̀ já láti etí kan dé etí kejì, bí igi ṣe máa ń la súyà kọjá. Tí bíṣọ́ọ̀bù bá kọ lẹ́tà tán, wọ́n á ká a, wọ́n á fi okùn dì í, wọ́n á ki ẹnu okùn méjèèjì bọ inú ihò yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú irin kan tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, àwọn Gíríìkì ń pè é ní boulloterion, wọ́n ti gbẹ́ lẹ́tà àti àwòrán sí ẹnu ẹ̀ méjèèjì lódìlódì, wọ́n á fi òjé sáàárín, wọ́n á fi òòlù lù ú gbàá! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ojú méjèèjì á jáde, ihò á fún mọ́ okùn, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà yẹn láìtọ́ sí i, àfi kó gé okùn tàbí kó fọ́ òjé, ojú ayé á sì rí i.

Ìdí tó fi jẹ́ òjé ni pé kò wọ́n, ó sì rọ̀. Ọba nìkan ló ń fi wúrà di ìwé ńlá tó bá fẹ́ fi dá àwọn èèyàn lọ́lá, ìyẹn náà ò sì ń ṣe ojoojúmọ́. Àwọn ìwé tí wọ́n fi òjé dì ti jóná, ti jẹrà, àwọn òtútù àti eku ti bá wọn jẹ, òjé ló kù. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù yìí, òjé kékeré yẹn nìkan lẹ̀rí tó kù pé wọ́n gbé láyé rí.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ wá ihò, kí ẹ tó wá lẹ́tà

Ihò okùn yẹn sábà máa ń wọlé látòkè, ó ń jáde nísàlẹ̀. Tí a bá fi ojú aago wò ó, ó ń wọlé ní 12, ó ń jáde ní 6. Torí náà, tí fótò bá dà rú tàbí lẹ́tà ti pa rẹ́, ẹ wo etí òjé, ẹ ó rí ibi tó ti lu tàbí ibi tó ti ya, ẹ yí fótò títí ibẹ̀ á fi wà lókè àti nísàlẹ̀. Tí òjé bá ti là sí méjì, ojú ihò yẹn náà ló máa ń là sí, torí ibẹ̀ ni kò lágbára, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdajì ọ̀tún tàbí ti òsì ló máa kù sí yín lọ́wọ́, gbogbo ìlà ló máa gé láàárín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń ka lẹ́tà tó sọnù. Mo ti fi wákàtí kan ka èyí tó dorí kodò rí, mo tiẹ̀ ti rí orúkọ ìlú nínú ẹ̀ o! Ìlú tí ò sí níbì kankan láyé.

Ìgbésẹ̀ 2: ìmọ́lẹ̀

Ojú wa ti mọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè wá. Tí iná bá ti ìsàlẹ̀ kọ lu òjé nínú fótò, ohun tó yọ síta á dà bíi pé ó jìn wọlé, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan kà. Ẹ yí fótò títí iná á fi dà bíi pé ó ń bọ̀ láti òkè lápá òsì, ẹ kàn wò ó, àwọn lẹ́tà á dìde. Ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun nínú fóònù yín, ẹ fi kún kọ́ńtírásì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ya fótò, ní mùsíọ́ọ̀mù tó bá gbà yín láyè, ẹ má tan fíláàṣì sí i lójú gbàgà, ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kó rọra fẹ́ lórí ẹ̀, kí ẹ sì ya mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ da lẹ́tà kọ sórí bébà

Ẹ má tíì túmọ̀ nǹkan kan. Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ìlà lẹ́yìn ìlà, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, èyí tí ẹ ò rí kí ẹ fi àmì kíún sí ipò ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi àkámọ́ onígun mẹ́rin ká lẹ́tà tó ti sọnù tí wọ́n dá padà, wọ́n á fi àkámọ́ róbótó ká èyí tí agbẹ́lẹ́tà ò kọ rárá torí pé ó gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bàa di pé lọ́la ẹ ò mọ èyí tí ẹ rí yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rò.

Àwọn lẹ́tà kan máa ń tan èèyàn jẹ. C tí ẹ rí níbẹ̀, S ni. W, ohùn "o" gígùn ni. P kì í ṣe P wa, R ni. H náà kì í ṣe H, "i" ni wọ́n ń pè é láyé ìgbà yẹn. V ni wọ́n fi ń ṣe Y. Tí V bá wá jókòó sórí O, báyìí Ȣ, "u" ni. Δ tó dà bí òrùlé, D ni, Λ tí ò ní ìlà nísàlẹ̀ sì ni L, ẹ̀yin ẹ wò ó dáadáa torí tí òjé bá ti pa rẹ́ díẹ̀, ọ̀kan ni méjèèjì. B lórí àwọn míì dà bí R Látìnì gẹ́lẹ́, ìyẹn ló dàmú mi jù.

Àwọn agbẹ́lẹ́tà yìí náà ò kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ o. H, I àti EI ti ń dún bákan náà lẹ́nu wọn, O àti W náà bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ ó rí ΕΠΗCΚΟΠΟ níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ΕΠΙCΚΟΠW. Ẹ máa kà á sókè, ẹ má fi ojú kà á. Bí àwa náà ṣe ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i nìyẹn, ẹni tó gbọ́ èdè á kà á sókè, á sì yé e.

Ìgbésẹ̀ 4: ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ibí ni èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti fẹnu kò. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán ẹni mímọ́ tó wà níwájú, torí ó rẹwà, tàbí látorí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Èmi á ní ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Ìlà àkọ́kọ́, àdúrà ni, àdúrà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà. Àwòrán, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló lo Màríà. Orúkọ, Jòhánù àti Nikóláù pọ̀ bí erùpẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kì í sì í sábà fi orúkọ ìdílé kún tiẹ̀. Ìlú tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn ló ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Tí ẹ bá ti mú ìlú, ẹ ti mú ìrù ẹran, orí ẹ̀ ò lè lọ jìnnà.

Ẹ ó rí i pé orúkọ ìlú máa ń yí ìdí padà, torí "bíṣọ́ọ̀bù TI ibí báyìí" ni wọ́n ń sọ. Éfésù á di ΕΦΕCȢ, Kọ́ríńtì á di ΚΟΡΙΝΘȢ, Tẹsalóníkà á di ΘΕCCΑΛΟΝΙΚΗC, Símínà CΜVΡΝΗC, Sádísì CΑΡΔΕWΝ, Pátírà ΠΑΤΡWΝ, Máírà ΜVΡWΝ. Ẹ tẹ̀ wọ́n sínú nóòtì fóònù yín. Kódà tó bá jẹ́ lẹ́tà márùn-ún ló kù, bíi ...ΝΙΚΗC, ìlú tó lè parí báyẹn ò pọ̀. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú tó ní bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tò bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra, ọ̀pọ̀ irú àkọsílẹ̀ yẹn sì ṣì wà, òun làwọn onímọ̀ fi ń yẹ irú lẹ́tà gígé báyìí wò.

Ìgbésẹ̀ 5: oyè, àti ibi tí oyè ti ń tú àṣírí ìlú

Lókè ìlú ni oyè máa ń wà. ΕΠΙCΚΟΠW ni bíṣọ́ọ̀bù, inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni "bíṣọ́ọ̀bù" tí à ń pè lónìí ti jáde. ΜΗΤΡΟΠΟΛΙΤΗ ni mẹtiropólítánì, ó sábà máa ń gé kúrú di ΜΡΟΠΟΛ tàbí kó kúrú jùyẹn lọ, òun ni olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù agbègbè kan. ΑΡΧΙΕΠΙCΚΟΠW ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ní báyìí, àwa tí a dàgbà sínú Áńgílíkà tàbí Kátólíìkì á yára sọ pé bíṣọ́ọ̀bù àgbà ló ga jù. Rárá o. Níbẹ̀, mẹtiropólítánì ló ga jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ò ní bíṣọ́ọ̀bù kankan lábẹ́, ọ̀dọ̀ pátíríákì, ìyẹn olórí ìjọ ní Constantinople, ni wọ́n ti ń gbàṣẹ tààrà, ìyẹn nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Àwọn kan ò sí lábẹ́ òfin yìí, bíi ti Sàípúrọ́ọ̀sì àti ti Bọ̀géríà, àwọn yẹn tóbi lóòótọ́. Pátíríákì fúnra ẹ̀ náà tún ń pe ara ẹ̀ ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà Constantinople, Róòmù Tuntun, torí náà tí ẹ bá rí ΝΕΑC ΡWΜΗC, ẹ jókòó dáadáa, ẹni ńlá lẹ dì mú yẹn.

Oyè yìí máa ń yanjú ìjà ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ wo Adrianoupolis, ó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wà ní Thrace, tó di Edirne ní Tọ́kì lónìí, mẹtiropólítánì ló ń jókòó síbẹ̀, èyí tó wà ní agbègbè Honorias ní Éṣíà Kékeré sì wà lábẹ́ mẹtiropólítánì ìlú míì. Tí òjé yín bá sọ pé mẹtiropólítánì Adrianoupolis, Edirne ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó tún ń ràn wá lọ́wọ́ lórí ọjọ́ orí òjé: Pátírà di ìlú mẹtiropólítánì lábẹ́ ọba Nikephoros Kìíní tó jọba láti 802 sí 811, torí náà mẹtiropólítánì Pátírà kankan ò lè dàgbà ju ìyẹn lọ.

ΠΡΟΕΔΡΟC ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi wá bíṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Proedros. Oyè ni o! "Ẹni tó jókòó níwájú" ló túmọ̀ sí, ó sì wọ́pọ̀ láti bí ọdún 1000 síwájú pé kí mẹtiropólítánì máa fi pe ara ẹ̀. CVΓΚΕΛΛΟC náà, oyè iyì ni wọ́n máa ń fún àwọn mẹtiropólítánì, kì í ṣe orúkọ. ΜΟΝΑΧΟC, ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ilé ìsìn ni. ΑΝΑΞΙΟC, "aláìyẹ", òun náà kì í ṣe orúkọ, ìrẹ̀lẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: àdúrà àti orúkọ

Èyí ò le. ΚΕ ΒΘ, ìyẹn "Olúwa, ṣèrànwọ́", tàbí ΘΚΕ ΒΘ, "Ìyá Ọlọ́run, ṣèrànwọ́", ΤW CW ΔȢΛW, "fún ìránṣẹ́ rẹ". Ohun tó bá tẹ̀ lé ΔȢΛW ni orúkọ: ΙWΑΝΝΗ ni Jòhánù, ΝΙΚΟΛΑW ni Nikóláù, ΘΕΟΔWΡW ni Tiódọ̀. Nígbà míì ẹ ò ní rí àdúrà kankan lápá ẹ̀yìn, torí wọ́n kọ ọ́ yí etí iwájú ká. Àwọn òjé míì, pàápàá láti 1050 sókè, ewì ni wọ́n kọ sí i, ìlà ewì kọ̀ọ̀kan ní sílébù 12, òjé fúnra ẹ̀ lá máa sọ̀rọ̀ pé "mo ń di ìwé lágbájá". Wọn ò ní pe ara wọn ní bíṣọ́ọ̀bù nínú ewì, wọ́n á ní olùṣọ́ àgùntàn tàbí olùrúbọ. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: ìgbà wo ni?

Ìsinsìnyí lẹ lè wá wo àwòrán. Láti nǹkan bí 730 sí 787, àti láti 815 sí 843, ìjọba ò fẹ́ rí àwòrán ẹni mímọ́ sójú, torí náà òjé ìgbà yẹn, dípò àwòrán, àgbélébùú ni wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á so lẹ́tà àdúrà pọ̀ mọ́ apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sì to ΤW CW ΔȢΛW sí igun mẹ́rin tó kù. Irú àgbélébùú yẹn ò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí òfin yí padà ṣá. Lẹ́yìn 843 àwòrán padà wá díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 1000 sí 1200 ó ti kún ibi gbogbo. Màríà ló pọ̀ jù, ẹ mọ̀ ọ́n látara ΜΡ ΘV tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú tó bá ní ẹni mímọ́ tiẹ̀ sábà máa ń lo tiẹ̀: Demetrios pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti asà ní Tẹsalóníkà, Ańdérù ní Pátírà, Jòhánù tó kọ Ìhìnrere ní Éfésù, Nikóláù ní Máírà tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀, Títù ní Kírétè. Ẹ wá rí i, tí ìlà ìsàlẹ̀ bá ti pa rẹ́ tán, Demetrios iwájú lè sọ ìlú tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Àmọ́ ẹ dán an wò ni o, ẹ má búra.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. Èmi ni mo ṣe àpẹẹrẹ yìí fún ìdánrawò, ẹ má lọ wá a ní mùsíọ́ọ̀mù. Iwájú: Demetrios, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn:

+ΚΕRΘ
ΤWCWΔȢ
ΛWΘΕ..
ΔWΡWΜΡ
ΟΠΟΛΙΤΗ
..CCΑΛΟ
ΝΙΚΗC

Ìsàlẹ̀ la ti ń bọ̀: ΝΙΚΗC, ìlà tó wà lókè ẹ̀ ní CCΑΛΟ, lẹ́tà méjì ló sọnù, ΘΕ ló wọ̀ ọ́, Tẹsalóníkà. Demetrios iwájú náà gbè é lẹ́sẹ̀. Lókè ẹ̀, ΜΡΟΠΟΛΙΤΗ, mẹtiropólítánì. Lókè tún ni ΘΕ, àyè kan, ΔWΡW. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, torí àyè lẹ́tà méjì ni mo fi àmì sí, "Ο" kan ṣoṣo ló sì kù kí orúkọ di ΘΕΟΔWΡW. Ṣé lẹ́tà míì wà níbẹ̀ ni àbí agbẹ́lẹ́tà kàn fi àyè sílẹ̀ létí? Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé Tiódọ̀ ni, àmọ́ ẹ kọ iyèméjì yẹn sílẹ̀. R inú ìlà àkọ́kọ́ ni B tí mo ń wí. "Olúwa, ran ìránṣẹ́ rẹ Tiódọ̀ lọ́wọ́, mẹtiropólítánì Tẹsalóníkà." Àwòrán wà níbẹ̀, àdúrà sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú orúkọ, èmi á kọ́kọ́ wá a láàárín 1000 sí 1100.

Ìgbésẹ̀ 8: ẹ wá ìbejì ẹ̀

Ẹ̀mú irin kan lè tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún òjé, òjé tí wọ́n fi sẹ́nu ẹ̀ sì lè kéré ju ẹnu ẹ̀ lọ, tàbí kó yẹ̀ sápá kan, kí lẹ́tà apá kejì má wọlé. Lẹ́tà tó gé kúrò lára tiyín lè wà pérépéré lára ìbejì ẹ̀ ní ibòmíì. Lórí sáìtì Dumbarton Oaks, ẹ wá a nípa ìlú, oyè àti ẹni mímọ́, kí ẹ fi sípẹ́lì Gíríìkì àti ti Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, bíi Ephesos àti Ephesus. Tí ẹ bá rí èyí tó jọ ọ́, ẹ má wo ọ̀rọ̀ nìkan, bíṣọ́ọ̀bù kan lè pààrọ̀ ẹ̀mú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti gé àti bí lẹ́tà kan ṣe dúró sí èkejì ẹ̀ lókè. Tó bá bára mu délẹ̀, ẹ̀mú kan náà ni. Nọ́ńbà òjé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BZS, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó tún fẹ́ padà wá a.

Tó bá wá jẹ́ òjé gidi ló dé ọwọ́ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀, májèlé ni òjé. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, èékánná lásán lè pa lẹ́tà rẹ́. Ẹ má sì fi í sínú páálí tàbí àpótí igi, èéfín kíkan tó ń jáde lára igi àti páálí ló ń sọ òjé di lẹ́búlẹ́bú funfun. Àwọn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Èmi ò ní rà á. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n wú jáde nílẹ̀ lóru láìgbàṣẹ, ní Tọ́kì sì rèé, ìjọba ló ni ohun àtijọ́ tí wọ́n bá hú nílẹ̀. Àwọn míì tiẹ̀ jẹ́ ayédèrú tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù: etí lẹ́tà á rọ̀, ihò kéékèèké bíi ti ìfófòó á wà lójú ẹ̀, ihò okùn ò sì ní já síbì kankan.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fọ́. Ẹ wá "Thessalonike" pẹ̀lú "metropolitan", ẹ mú èyí tí fótò ẹ̀ mọ́ jù, ẹ fi ọwọ́ bo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, ẹ mú bébà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀.